Àmàlà Inú Abọ́ àti Ọmọ Tí Wọ́n Fún Ní Jọ́gíráfì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé ilé wa ní Bódìjà n'Ìbàdàn pẹ̀lú lẹ́tà ìgbàwọlé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n jà lólè. Lọ́ọ̀ ló kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, jọ́gíráfì ni wọ́n fún un. Kò sídìí tí mo fi máa dárúkọ ilé ìwé náà, torí ohun tó ṣe é ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ káàkiri Nàìjíríà. Bàbá rẹ̀ wá tún bu iyọ̀ sójú egbò: "Jọ́gíráfì? Ṣé kó o máa ka orúkọ olú-ìlú kiri ni?"

Bí àwọn ọmọ 100 level bá ti wọlé, àwa òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yàrá l'Ágbowó, mátírẹ́ẹ̀sì, gáàsì kékeré àti ìkòkò ìrẹsì. Ilé ìwé náà á kó wọn jọ sínú gbọ̀ngàn, á kìlọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn fún wọn, á sọ̀rọ̀ CGPA títí oorun á fi gbé wọn. Gbogbo rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọmọ tí wọ́n fún ní jọ́gíráfì ohun tí wọ́n fún un? Ohun tí mo ní láti sọ lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀: kí wọ́n tó pín hándáòtù àkọ́kọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ mú un rìn nínú Ìbàdàn.

Ìlà kọ́ńtọ̀ orí máàpù, èyí tó ń so àwọn ibi tó ga bákan náà pọ̀, ló fi yé mi. Ọmọ yìí ti há a sórí láti sẹ́kọ́ńdìrì pé tí ìlà náà bá dé àfonífojì, ó máa ń tẹ̀ bíi lẹ́tà V, ṣóńṣó V náà á sì kọjú sí ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni tíṣà wí. Ni mo bá mú un lọ sí ilé olóúnjẹ kan lẹ́bàá ọjà Bódìjà, mo ní kí wọ́n bu àmàlà, kí gbẹ̀gìrì ó pọ̀. Mo fọwọ́, mo sì fi ìka kan gbẹ́ ara àmàlà náà láti orí wá sí ìsàlẹ̀ bí ojú àgbàrá. Gbẹ̀gìrì yí i ká. Mo fi ṣíbí bu díẹ̀ kúrò; ọbẹ̀ lọ sílẹ̀, ó fi ìlà pupa rúsúrúsú kan sílẹ̀ lára àmàlà. Mo tún bu díẹ̀, ìlà kejì jáde nísàlẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àmàlà dúdú ti wọ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta. Níbi tí ìka mi gbà, ìlà kọ̀ọ̀kan yà wọ inú kòtò náà, ó kọjú sí orí òkè, kó tó ṣẹ́rí padà jáde.

"Àǹtí! V nìyẹn!"

Ìyá olóúnjẹ wò wá bíi pé orí wa ti dàrú. Àmàlà náà ti tutù kó tó di pé a jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ọmọ yẹn á tún há kọ́ńtọ̀ sórí mọ́ láyé rẹ̀.

Ìlú tó ṣe é fi kọ́ jọ́gíráfì bíi Ìbàdàn ò wọ́pọ̀. Ẹ mú ọmọ dúró lórí òkè Mápó, ẹ ní kó wo Dùgbẹ̀ nísàlẹ̀, kó wo Kòkó Háòsì tí wọ́n parí ní 1965 pẹ̀lú àjà 26. Kí ló dé tí ìlú àtijọ́ fi wà lórí òkè, tí ọjà àti báǹkì sì wà nílẹ̀? Jagunjagun ló tẹ apá ibí dó, jagunjagun a sì máa fẹ́ ibi tí á ti rí ọ̀tá lókèèrè. Nígbà tí rélùwéè dé ní 1901, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọkọ̀ ojú irin kì í fẹ́ gun òkè. Ibi tó tẹ́jú ló dúró sí, àwọn oníṣòwò òyìnbó sì tẹ̀ lé e síbẹ̀. Ẹ rìn láti géètì Yunifásítì Ìbàdàn, kọjá Agbowó, lọ sí ọjà Bódìjà. Gbogbo sẹ̀ǹtímítà méjì lórí máàpù 1:50,000, kìlómítà kan ni lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ìlú yìí náà ló sọ Akin Mábògùnjẹ́ di onímọ̀ jọ́gíráfì tí gbogbo ayé ń kàn sí. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1948 ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe olóòtú ìwé kan lórí Ìbàdàn ní 1967, ó sì gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìlú ńláńlá Nàìjíríà jáde ní 1968. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé, ní 1980. Kó tó kú ní 2022, ó ti gba ẹ̀bùn Vautrin Lud, tí àwọn kan ń pè ní Nobel jọ́gíráfì. Bàbá tó ń bi ọmọ léèrè olú-ìlú, ó yẹ kí ẹnìkan sọ èyí fún un.

Èyí tó wù mí jù kí wọ́n bi ọmọ tuntun ni ti òjò. Ìwé sọ pé òjò máa ń sinmi díẹ̀ níhìn-ín ní oṣù kẹjọ. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ilé. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 ni omíyalé mìíràn gbé èèyàn tó lé ní 100 lọ. Kí ni òjò ń wá lóṣù ìsinmi rẹ̀? Ẹ má tètè dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó lọ wá àkọsílẹ̀ òjò, kó rí i pé ọ̀pọ̀ ọdún papọ̀ ni ìwé ń rò, omi tó máa gbélé lọ ò sì nílò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Kó wá lọ wo ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi, àti ìdọ̀tí tó dí kọ́tà. Ọjọ́ yẹn ni sìtátísíìkì tó ń dẹ́rù bà á máa ní ìtumọ̀.

Lẹ́kíṣọ̀ kan tí mo sọ èyí fún rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ ti pọ̀ jù, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí owó epo. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò mu epo. Ọmọ 300 level kan lè kó ọmọ tuntun mẹ́wàá rìn láàárọ̀ Sátidé, òun náà á sì rí i pé ẹni tó ń kọ́ni ló ń mọ̀ jù. Ọmọ tuntun á ti ní ẹ̀gbọ́n kan tó lè pè nígbà tí ìdánwò bá gbóná.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, fóònù mi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Àǹtí, ẹ kú ilé o. Ṣé òjò ń rọ̀ ní Bódìjà?"

Mo ní ó ń rọ̀, ó ti lé ní wákàtí kan.

"Mo mọ̀. Mọ́lété ni mo wà, lórí afárá. Oòrùn ń ràn níbí, ṣùgbọ́n omi Ògùnpa ti ń pọ́n, ó sì ń ga sí i. Mo ní kí àwọn tó pàtẹ sétí kọ́tà kó ẹrù wọn, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín."