Ọgbà Ọrọ́ Tàbí Wáyà Ẹlẹ́gùn-ún?

 

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti màlúù tó ń wọ oko ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ìpàdé. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ ń ráhùn, ẹni tó gbin iṣu ń ráhùn, ọlọ́jà tó fẹ́ ra ẹrù lọ́wọ́ wọn náà ń ráhùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ máa yá wa lówó ra wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Èmi kò sọ pé wáyà kò dára o. Ṣùgbọ́n wáyà ń dípẹtà, olè ń ká a lọ, gbèsè rẹ̀ kì í sì í dípẹtà. Kí a tó ti ọrùn bọ gbèsè, ẹ jẹ́ kí a wo igi ọrọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọrọ́ agogo ló ní igun lára, tó ní ẹ̀gún, tó sì ń ga bí igi. Ọrọ́ adétẹ̀ ní tirẹ̀ sanra, ẹ̀ka rẹ̀ kúkúrú, orí ẹ̀ka náà sì ni ewé rẹ̀ máa ń wà. Àwọn kan ń pè wọ́n ní cactus, àmọ́ cactus kọ́ ni wọ́n. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni cactus ti wá, tiwa sì ni ọrọ́. Bí ẹ bá gé ọrọ́, oje funfun bíi wàrà ni yóò ya jáde. Ọ̀pọ̀ cactus tí à ń gbìn sínú ìkòkò kì í ṣe oje bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé agbègbè Jos yóò ti rí ọgbà ọrọ́ tí àwọn Berom fi yí ilé àti oko wọn ká. Kì í ṣe ohun àná. Kí òyìnbó tó dé, ọgbà yìí ló ń dá ẹlẹ́ṣin ogun dúró. Bí ẹṣin ogun kò bá rí ibi gbà, báwo ni ewúrẹ́ yóò ṣe rí i? Ẹran kì í sì í jẹ ẹ́, nítorí oje rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń gbìn ín. Ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó apá ènìyàn láti ìgúnpá dé ọwọ́. Ẹ má gbìn ín lọ́jọ́ náà. Ẹ tò ó sí abẹ́ òjìji fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ojú ibi tí a gé lè gbẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jẹrà nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ilẹ̀ oníyanrìn tàbí olókùúta ló fẹ́, kò fẹ́ àkùrọ̀. Ẹ má máa bu omi sí i lójoojúmọ́, omi tó wà lára rẹ̀ tó o. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni yóò tó dí, nítorí náà ẹ fi igi ṣe ọgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni ọgbà fi ń dí.

Àwọn tó ń bẹ̀rù oje rẹ̀ kò ṣì sọ. Nínú oje ọrọ́ adétẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí resiniferatoxin, èyí tó wà nínú ọrọ́ kan ní Mòrókò pẹ̀lú. Títa ata kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣèwádìí bí wọ́n ṣe lè fi í ṣe oògùn ìrora, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ìwádìí nìyẹn. Ọlọ́jà tó ń ta oje ọrọ́ fún eyín dídùn tàbí fún ojú ń ta ewu. Ẹni tó sì ń dà á sódò pa ẹja, ṣé kò mọ̀ pé odò náà là ń mu?

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kó má sì dáná sun ún, nítorí èéfín rẹ̀. Bí oje bá ta sí ojú, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣan án fún ìṣẹ́jú ogún, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Àbá mi rèé. Kí ẹgbẹ́ dín owó wáyà kù, kí a sì bẹ̀rẹ̀ ọgbà ọrọ́ ní oko tó jìnnà sí ilé, sí kànga àti sí ilé ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín sí ààlà láìpe aládùúgbò rẹ̀. Pérégún ni a mọ̀ mọ́ ààlà. Ọrọ́ tí a bá gbìn ní ìkọ̀kọ̀ yóò di ẹjọ́ lọ́la. Kí a sì fi àjọṣe gbìn ín, ká jọ gé e, ká jọ rì í. Ohun tí a ń pè ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn, kì í ṣe owó yíyá nìkan.

Ẹ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sọ èrò tiyín. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ, kó mú un wá.

Èmi ni,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́