Ènìyàn Kì í Ṣe Ikùn Nìkan

N kò fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ní ìdàgbàsókè Èkìtì kò ju kí ìrẹsì dé ilé wa lọ, èmi ọmọ Ìlórò-Èkìtì ní irọ́ ni.

Ní ìdìbò gómìnà ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2014, tí Ayọ̀délé Fáyóṣé borí Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọ̀rọ̀ kan gba ẹnu gbogbo Nàìjíríà: stomach infrastructure, ìyẹn ni kí ìjọba kọ́kọ́ tọ́jú ikùn ará ìlú. Àwọn kan fi wá rẹ́rìn-ín pé ìrẹsì la fi ta ìbò. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ebi kì í ṣe ohun àwàdà, ọ̀dà ojú títì kò sì ṣeé jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ìyá àgbà mi náà gba àpò ìrẹsì kékeré lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú. A sè é, a jẹ ẹ́, kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Orúnkún tó ń dùn wọ́n kò sinmi. Ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ kò ní oògùn. Àwọn tó gbé ìrẹsì wá kò jókòó bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n. Ikùn wọn ni wọ́n wá kí.

Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà, tó ti dé Áfíríkà ní 1962 kó tó di póòpù, kọ ìwé Populorum Progressio ní oṣù Kẹta ọdún 1967. Ohun tó dì mú ni pé ọrọ̀ ajé nìkan kì í ṣe ìdàgbàsókè: ó gbọ́dọ̀ kan ènìyàn lódindi, ara, ọpọlọ àti ẹ̀mí, kó sì kan gbogbo ènìyàn. Kò ní ká gbójú fo ebi o. Inú ìwé kan náà ló ti pe àwọn orílẹ̀-èdè olówó síbi ebi tó ń pa tálákà.

Ẹnìkan á ní: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ebi kúrò ni òwe náà wí, kò ní kó jáde láàárọ̀ kó padà wọlé lálẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn. Àpò ìrẹsì mélòó ló lè ṣe fún ọmọ àgbẹ̀ ohun tí ìwé kíkà ṣe fún un?

N kò ní kí ẹni tí ebi ń pa dá ìrẹsì padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún gbé e dé Ìlórò, ká fi wọ́n jókòó, ká bi wọ́n: oògùn ilé ìwòsàn ń kọ́? Olùkọ́ àwọn ọmọ wa ń kọ́? Ọ̀nà tí iṣu wa yóò gbà dé ọjà ń kọ́? Orúnkún ìyá àgbà ń kọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kó má gba ìbò wa.