Ìgbà Ìwọ́wé Dé: Ẹ Fi Ẹ̀sọ̀ Lo Ẹ̀rọ

Ní Maryland tí mo ń gbé ní Amẹ́ríkà, ìgbà ìwọ́wé ti wọlé. Igi óàkù méjì ni ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Láti àárín oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kọkànlá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da ewé sílẹ̀. Bí ewé náà bá bo koríko mọ́lẹ̀, koríko kò ní rí oòrùn, yóò sì jẹrà. Bí òjò bá pa á lójú ọ̀nà, a máa yọ̀ bí ọṣẹ. Bí ó bá sì dí gọ́tà òrùlé, omi yóò wá ọ̀nà wọ inú ilé.

Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé ilé yìí, réèkì nìkan ni mo ní. Gbogbo ọjọ́ Sátidé mi ni ewé ń gbà, ẹ̀yìn a sì máa dùn mí di ọjọ́ Ajé. Ní ọdún kejì, mo ra ẹ̀rọ ìgékoríko àti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ewé, bátìrì ni àwọn méjèèjì ń lò. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ wákàtí méjì.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Èkíní, ẹ má kó gbogbo ewé dànù. Bí ó bá gbẹ, tí kò sì nípọn jù, ẹ gbé abẹ ẹ̀rọ ìgékoríko sókè, kí ẹ tì í kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, títí yóò fi rún wẹ́wẹ́, tí ẹ óò tún máa rí koríko láàárín rẹ̀. Ewé rírún yìí yóò di ajílẹ̀.

Èkejì, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ni kí ẹ máa fẹ́ ìyókù sí. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀, ẹ fẹ́ ewé jọ sórí rẹ̀, kí ẹ sì wọ́ ọ lọ. Ẹ má fẹ́ ẹ sínú gọ́tà ojú títì, nítorí ọjọ́ òjò ńlá ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wádìí òfin kí ẹ tó rajà. Washington, D.C. ti fòfin de ẹ̀rọ ìfẹ́wé tó ń lo bẹntiróòlù láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ọdún 2022. Montgomery County tí ó múlé gbè é náà fòfin de lílo rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 2025, nítorí ariwo àti èéfín rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ó ká mi lára jù. Ní èṣí, ewé tútù há sínú ẹ̀rọ ìgékoríko mi. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo sì ń kánjú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi, tí ó wá láti Ìbàdàn wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, kígbe láti ẹnu ọ̀nà.

“Ọmọ mi, ṣé o ti pa á?”

“Mo ti pa á, mà.”

“Nǹkan tí o máa ń yọ lọ síbi iná ńkọ́?”

Bátìrì ṣì wà nínú rẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi padà.

“Ẹ̀rọ ò lójú,” ni màámi wí. “Ìwọ lo ní ojú.”

Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ yọ bátìrì. Mo ń wọ gíláàsì nítorí òkúta tó lè ta sójú, mo sì ń dí etí, nítorí ariwo tó tó 85 decibel a máa ba etí jẹ́ bí ènìyàn bá pẹ́ nínú rẹ̀. Inú ilé ni àwọn ọmọ ń wà títí iṣẹ́ yóò fi parí. N kì í gbé ẹ̀rọ gun àkàbà. Ní ti ẹ̀ka igi ńlá, mo ń pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹ̀rọ ti ní agbára tirẹ̀; ẹ̀sọ̀ ni ó kù tí a ó fi kún un. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.