Ṣé láptọ́ọ̀pù yìí á gbé e?

Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò màmá mi, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, Microsoft Flight Simulator tuntun yẹn, ṣé láptọ́ọ̀pù mi á gbé e?" Kí n tó dáhùn, ohùn kejì ti wọlé. Ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà ládùúgbò wọn ti sọ fún un pé kò lè gbé e láéláé, pé kó wá ra tuntun. Màmá rẹ̀ sì ti ń rò ó pé bóyá kí òun fi owó àjọ tí òun máa kó lóṣù tó ń bọ̀ rà á. Ọmọ náà fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú, ó ti ń béèrè nípa ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Zaria. Lójú Àǹtí mi, ara ìwé kíkà ni gbogbo ẹ̀.

Owó àjọ yẹn ló mú mi kọ èyí. Níbí náà, nílùú Ọba, ẹni tẹ́ ẹ bá bi ní ìbéèrè yẹn, "ra tuntun" ló máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá dáhùn "ṣé á gbé e" láìbéèrè ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fò lọ, irú bàálù tẹ́ ẹ fẹ́ wà, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, ọjà ló ń tà fún yín.

Ẹ wo ohun tí àwọn tó ṣe eré náà fúnra wọn kọ. Èyí tó jáde ní August 2020 ní kí kọ̀ǹpútà ní, ó kéré tán, mẹ́mọ́rì 8GB, Core i5-4460, graphics card GTX 770, àti àyè 150GB. Èyí tó jáde ní November 2024 ní kó jẹ́ 16GB, Core i7-6800K àti GTX 970, àmọ́ àyè tó béèrè já wálẹ̀ sí 50GB. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Báwo ni eré tó tóbi jù ṣe máa béèrè àyè tó kéré jù? Kò gbé ayé sínú kọ̀ǹpútà yín mọ́ ni. Òkè, odò, ilé, títí kan àwọn bàálù gan-an, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wọlé bẹ́ ẹ ṣe ń fò lọ. Ìlà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní kí íntánẹ́ẹ̀tì yín tó 10 Mbps, ó kéré tán. 50 ni wọ́n dámọ̀ràn.

Èmi tí mò ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì ilé lóṣooṣù, tí mi ò sì ń ka dátà, mi ò tiẹ̀ kọbi ara sí ìlà yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àmọ́ ọmọ tó ń ra dátà ní 1GB, 2GB ńkọ́? Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: bó bá fa 10 Mbps láìdúró fún wákàtí kan, 4.5GB ti lọ nìyẹn. Kì í fà á láìdúró o, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Kò sí láptọ́ọ̀pù tuntun tó máa bá a san ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi, àlòkù ni mo rà á nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ PhD: Core i5-6500, 16GB, GTX 1060 oní-6GB. Pẹ̀lú ìwé ti 2024, ó ti fìdí rẹmi, torí core mẹ́rin ló ní, i7 tí wọ́n béèrè sì ní mẹ́fà. Ti 2020, ó kọjá "ó kéré tán" dáadáa. Ẹ mọ bí owó akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí, nítorí náà mi ò ra ohunkóhun. Mo san owó Game Pass oṣù kan péré, mo gbé ti 2020 sórí ẹ̀, mo sì dán an wò.

Mo gbé Cessna 152 kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin, mo dorí kọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ń pààrọ̀ àwòrán ní bí ìgbà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń lọ wẹ́rẹ́. Ẹni tó ń ta eré ìbọn lè máa ráhùn sí 35. Fún bàálù kékeré tó ń lọ jẹ́jẹ́, 30 tó dúró sójú kan sàn ju 60 tó ń já lọ já bọ̀. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sínú Airbus A320 ní Heathrow, òjò ń rọ̀, bàálù kún ilẹ̀ fọ́fọ́. Ó já sí 17. Mo ń yí jọ́ístíìkì, bàálù ń ta pọ́ún pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́. Kọ̀ǹpútà kan náà, ìrọ̀lẹ́ kan náà. Ẹ dákun, ṣé ó gbé e àbí kò gbé e?

Mo wá ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe, mo dín resolution kù. 17 ṣì ni! Ìgbà yẹn ni mo tan Developer Mode, tó máa ń sọ ibi tí iṣẹ́ ti há, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà: Limited by MainThread. Ẹ ronú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan tó ní akọ̀wé mẹ́rin, àmọ́ tó jẹ́ pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí gbogbo fáìlì. Ẹ gba akọ̀wé ogún sí i, ẹ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun, bí ọ̀gá yẹn bá lọ́ra, ẹnu ọ̀nà lẹ máa wà. Graphics card mi kàn fọwọ́ lẹ́rán ni, ó ń dúró de ọ̀gá. Ẹnì kan sì ti gbà mí níyànjú pé graphics card ni kí n lọ pààrọ̀ o! Ǹ bá ti náwó tán kí n tún jókòó ti 17.

Ọ̀gá ni mo dín iṣẹ́ kù fún. Mo fa Terrain Level of Detail wálẹ̀ láti 100 sí 50, mo sì pa àwọn bàálù tí kọ̀ǹpútà ń wà fúnra ẹ̀. Ó gòkè sí 26. Kì í ṣe nǹkan àrà, àmọ́ ó ṣeé balẹ̀.

Ohun tí èyí jẹ́ kí n rí ni pé fífò gan-an kò wúwo. Ọdún 1982 ni Microsoft ti ta Flight Simulator àkọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà IBM, mẹ́mọ́rì àwọn ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò sì tó fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín. Ilẹ̀ ló wúwo: igi, òrùlé, ìkùukùu, òjò lára gíláàsì. Ẹni tó fẹ́ wo ẹwà ayé látòkè, tówó sì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó lọ ra tuntun, mi ò bá a jà. Ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka àwọn aago iwájú awakọ̀, bí wọ́n ṣe ń yí po pápá kí wọ́n tó balẹ̀, kò dìgbà tó bá rí òrùlé páànù ilé wọn ní Bódìjà.

Ẹnì kan á ní Windows 10 ńkọ́? Òótọ́ ni, October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ẹ̀ dúró, Windows 11 kò sì ka i5 mi mọ́ èyí tó tẹ́wọ́ gbà. Ìdí gidi nìyẹn láti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ààbò nìyẹn, kí wọ́n má dì í mọ́ ọ̀rọ̀ bàálù tà fún wa.

Ó yá, ti àbúrò mi. Mo ní kó tẹ Windows àti R pọ̀, kó kọ dxdiag, kó ya fọ́tò ohun tó bá jáde. Core i5 ìran kẹrin, 8GB, Intel HD Graphics 4400. Hard disk àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá wo 8GB yẹn nìkan á ní ó tó fún ti 2020. Ìtànjẹ ni. HD 4400 kò ní mẹ́mọ́rì tara ẹ̀, inú 8GB kan náà ló ti ń bù jẹ. Mo sọ òótọ́ fún un: ti 2020 kò lè ṣeé ṣe, ti 2024 ká má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà jàre níbẹ̀. "Wá ra tuntun" ni kò jàre.

FlightGear ni mo ní kó gbé sórí ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 1997, èèyàn sì lè wa ilẹ̀ agbègbè kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó máa fò láìtan dátà. (Ẹ̀yin tí graphics card yín bá sàn jù bẹ́ẹ̀, X-Plane 12 ní èyí tẹ́ ẹ lè dán wò lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ lò ó.) Lálẹ́ àná ó fi fídíò ránṣẹ́: Cessna 172, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní aláwọ̀ ewé, kò sí ilé kan. Ó fọ́ bàálù lẹ́ẹ̀mejì, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó kanlẹ̀, nígbà kẹrin ó balẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

SSD kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn ní December, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ sí mi nínú inbox. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kò ní gba àyè nínú ẹrù yín.