Wáyà Bátìrì Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹni tí ó bá ń fi ọkọ̀ tí ó ti gbó ná ọ̀nà Ìjù sí Àkúrẹ́, kí ó yẹ wáyà bátìrì rẹ̀ wò. Bí awọ rẹ̀ bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ bọ́ òrùka. Èyí tí àwa kò bọ́ nígbà kan ti dá àpá sí wa ní ìka. Wáyà tí a dè mọ́ ara ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí sípánà bá kan irin ọkọ̀, iná yóò ta, afẹ́fẹ́ tí bátìrì ń tú jáde sì lè gbiná. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì nìkan: nínú Morris Minor, wáyà alámì àròpọ̀ ni a dè mọ́ ara ọkọ̀. Kí wáyà tuntun nípọn tó ti àtijọ́. Èyí tí ó tín-ín-rín a máa gbóná.