Ariwo Kọ́ O, Ẹ Kò Tíì Gbọ́ Ọ Ni

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé ariwo Sátánì lásán ni orin heavy metal, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: àwo wo lo gbọ́? Mi ò bi ọ́ ní ohun tí pásítọ̀ yín sọ lórí pẹpẹ. Àwo wo ni, ta ló kọ ọ́, orin ìkelòó nínú rẹ̀ ló bí ọ nínú? Mo ti bi àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, mo ti bi ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ní Ìsẹ̀, mo ti bi àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Èmùré. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún mi: bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí.

Kò rí bákan náà, ẹni tó bá sì ní bákan náà ló rí kò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí le díẹ̀, n kò sì ní í bu omi tútù sí i: irú etí dídi bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń pa orin tiwa náà. Ẹni tó ń bu àwo tí kò gbọ́ àti ẹni tó ń yin àwo tí kò gbọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni kejì ló tilẹ̀ burú jù, nítorí pé òun ń gbowó.

Ẹ tan rédíò yín. Àwo tuntun kan jáde láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ní ó ń mi ìgboro tìtì. Ìgboro wo? Èmi ò rí ohun tó mì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e òmíràn jáde, òun náà tún ń mi ìgboro kan náà. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀gúnjẹ, a sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti gbà á kò lè sọ ọ́ jáde pé onílù ń sáré ju olórin lọ. Ìròyìn ìfilọ́lẹ̀ àwo wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn á kọ orúkọ alága, wọn á kọ iye tí olóyè fi lélẹ̀, wọn á kọ àwọ̀ aṣọ ẹbí, wọn á kọ ẹni tó fi àdúrà pa ètò náà dé. Orin ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé orin kìn-ín-ní náà ni orin kẹta, orúkọ olówó inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa àwo mẹ́tàlì kì í ṣe oníwà pẹ̀lẹ́, mo sì fẹ́ràn wọn nítorí rẹ̀. Nígbà tí Black Sabbath gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1970, Lester Bangs bẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn Rolling Stone. Lójú tirẹ̀, ẹgbẹ́ Cream ni wọ́n ń sín jẹ, wọn ò sì tó o. Ó ṣì í. Lọ́dún 2017 ìwé ìròyìn kan náà to ọgọ́rùn-ún àwo mẹ́tàlì tó ga jù láyé, Paranoid, àwo kejì Black Sabbath, ló sì fi ṣíwájú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àṣìṣe Bangs ṣe wúlò tó. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i, ó sọ ìdí, ó dárúkọ ẹgbẹ́ tó fi wọ́n wé. Ẹlòmíràn lè gbé àwo àwọn méjèèjì kalẹ̀, kó gbọ́ wọn, kó sì já a nírọ́. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ já "ó ń mi ìgboro tìtì" nírọ́?

Ẹ̀sùn Sátánì yẹn gan-an, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Birmingham, ìlú àwọn oníṣẹ́ irin, ni Black Sabbath ti wá. Tony Iommi tó ń ta gìtá fún wọn ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé páànù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ọlọ́wọ́ òsì sì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi mọ orí ìka, ó fi awọ bò ó. Okùn tó le ń dùn ún, ló bá ń dẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí àwo Master of Reality lọ́dún 1971, ohùn gìtá náà ti rẹlẹ̀ débi pé àyà lèèyàn fi ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó gé ìka ló rẹ ohùn náà sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn kankan. Èkìtì tó ni Ìrè, ìlú Ògún, ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ orin tí irin àti ẹ̀jẹ̀ jọ bí.

Etí wa tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ orin ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé nígbà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ bá ń kọrin, ohùn kan náà ni gbogbo agbo máa ń gbé. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní tiwọn máa ń pín in sí méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, àwọn méjèèjì á máa rìn pọ̀ bíi dò àti mí nínú sófà, wọn ò ní í já ara wọn sílẹ̀ títí orin á fi parí. Ẹ gbọ́ àwọn ìyá wa níbi ìsìnkú àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ gbọ́ gìtá Dave Murray àti Adrian Smith nínú ẹgbẹ́ Iron Maiden. Ìrìn kan náà ni. Wọn ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, àwa náà ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì tó bá ní òun ò gbọ́ orin kankan níbẹ̀ ń sẹ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Àwo Iron Maiden kan tó ń jẹ́ The Number of the Beast, tó jáde lọ́dún 1982, làwọn ẹlẹ́sìn kan ní Amẹ́ríkà kó jọ tí wọ́n dáná sun. Inú Ìwé Ìfihàn ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú orin tó fún àwo náà lórúkọ. Steve Harris tó kọ ọ́ sọ pé àlá burúkú kan tóun lá lẹ́yìn tóun wo fíìmù ló bí i. Orin ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni. Àwọn tó ń gbèjà Bíbélì dáná sun ẹsẹ Bíbélì, nítorí pé àwòrán ẹ̀yìn páálí nìkan ni wọ́n wò.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tó bá ti ní gìtá lèmi náà á máa yìn. Ẹ jẹ́ ká mú Reign in Blood tí Slayer gbé jáde lọ́dún 1986. Orin mẹ́wàá, nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó tán. Dave Lombardo, tí wọ́n bí ní Kúbà, ló gbé àwo yẹn ró: ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìlù ńlá méjì, eré burúkú ló ń sá, síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Rick Rubin tó darí ìgbàsílẹ̀ náà fọ gbogbo gbohùngbohùn kúrò, ohùn wá gbẹ, ó ń gé bí abẹ. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni orin àkọ́kọ́, "Angel of Death", tó dá lórí Josef Mengele, dókítà ìjọba Hitler tó fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n Auschwitz ṣe ìdánwò. Nítorí orin yìí ni iléeṣẹ́ Columbia ṣe kọ̀ láti pín àwo náà. N kò sọ pé wọ́n yin Mengele, irọ́ nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n ka ìwà ìkà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá ń ròyìn ìkà láàárín agbo gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbo mọ ibi tóun dúró sí. Ìlù rẹ̀ gba márùn-ún nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba méjì.

Metallica ńkọ́? Lọ́dún 1988 wọ́n gbé ...And Justice for All jáde, àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lódindi lẹ́yìn tí Cliff Burton kú nínú jàm̀bá ọkọ̀ ní Sweden lọ́dún 1986. Jason Newsted ló gba béèsì gìtá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá béèsì náà nínú àwo yẹn, ẹ ò ní í rí i, wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ó fi pòórá. Bí onídùndún bá lé kẹríkẹrì kúrò nínú agbo, kò sí bí ìyáàlù ṣe lè dùn tó, ijó á há. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe àwo yìí ní àgbà iṣẹ́. Èmi ò gbà.

Àwọn àgbà kan á ní ìwà yìí kì í ṣe tiwa, pé Yorùbá kì í bu iṣẹ́ ẹlòmíràn ní gbangba. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ẹ ka ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ nípa ìjálá lọ́dún 1966. Oníjàálá tó bá ṣi oríkì pè, oníjàálá mìíràn á dá a dúró lójú agbo, á ní irọ́ ló pa, òun náà á sì gbèjà ara rẹ̀. Àwọn ọdẹ ń ṣe lámèyítọ́ kí wọ́n tó dá iléèwé sílẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ni pé a ti sọ ọ́ di èébú. Nígbà tí ìjà Barrister àti Kollington, àwọn olórin fújì, gbóná láàárín ọdún 1980 sí 1989, ta ló ju ta lọ la ń bi ara wa, a ò bi ara wa pé àwo ta ni wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa.

Owó ńlá ni àìkọ̀wé nípa orin wa sì ti ná wa. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń fi gìtá kígbe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 síwájú. Berkley Jones, Laolu Akins àti Odumosu fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀, EMI sì gbé àwo wọn Chapter One jáde lọ́dún 1973. Gìtá inú rẹ̀ ń jó fòfò, ìlù rẹ̀ kò sì gbàgbé ilé. Lónìí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ ka ìtàn wọn, ìwé pẹlẹbẹ inú àwo tí wọ́n tún tẹ̀ ní London tàbí California ló máa rà. Ọpẹ́lọpẹ́ Uchenna Ikonne tó kọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ ọdún wọ̀nyẹn sínú Wake Up You! lọ́dún 2016, òun ṣáà jẹ́ ọmọ wa. Ẹ tún gbọ́ eléyìí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní rọ́ọ̀kì kì í ṣe orin yín: Laolu Akins onílù BLO yẹn náà ló darí ìgbàsílẹ̀ Ace, àwo Ṣínà Peters ti ọdún 1989. Gbogbo òde àríyá tẹ́ ẹ ti jó àfúrójùjú títí ilẹ̀ fi mọ́, etí onírọ́ọ̀kì lẹ jó sí.

Nísinsìnyí, àwo tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: Dzikkuh, tí ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor láti Lomé ní Tógò gbé jáde lọ́dún 2024. Rock Ahavi ló ṣíwájú wọn. Ìlù ìbílẹ̀ Ewe ni wọ́n gbé kalẹ̀ ṣáájú, gìtá mẹ́tàlì ló wá bá ìlù, ibẹ̀ ni agbára wọn wà. Kì í ṣe pé wọ́n wọ́n ìlù lé e lórí kí òyìnbó lè ní ó dára. Bí gìtá bá dákẹ́, orin náà á ṣì máa rìn.

Ìṣòro tí mo rí níbẹ̀, Yorùbá á tètè rí i. Èdè olóhùn ni Ewe, bíi tiwa. Ekundayo Phillips ti pariwo rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music lọ́dún 1953 pé orin tí kò bá tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ìjọ tó ń kọ orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ láìka ohùn sí sì mọ ìyà tí wọ́n jẹ. Bíbú ramúramù mẹ́tàlì wá pa òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ pátápátá. Òyìnbó tó bú ramúramù kò pàdánù ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwa ń pàdánù rẹ̀. Níbi tí agbo bá ti gbe orin nínú Dzikkuh, ohùn á padà, ọ̀rọ̀ á tún yè. Ìdájọ́ tèmi nìyí: kí wọ́n dín ramúramù kù, kí wọ́n fi kún agbo, kí gìtá náà sì jìnnà sí ohun tí a ti gbọ́ láti Amẹ́ríkà. Mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọmọ Yorùbá tó bá sì fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ohùn yìí kó tó ra gìtá.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, ká wo bí ìyìn tó ní ẹ̀rí ṣe rí: ní Ìsẹ̀ tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére ti gbẹ́ igi. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn Wembley lọ́dún 1924, ó wà ní British Museum títí di òní. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kì í lọ́dún 1988, tí ọkọ ti kú fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kò kàn ní ọkọ òun mọ igi gbẹ́. Ó dárúkọ àwọn ìlú, ó tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ wà kí ẹni tó bá ṣiyèméjì lè lọ wò ó. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ.

Nítorí náà, iléeṣẹ́ rédíò tó bá láyà, kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Àwo kan, gbogbo orin inú rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí olórin wà níbẹ̀ bó bá wù ú. N kò ní í gba kọ́bọ̀. Àwo Elémùré Ògúnyẹmí tó fi èdè Èkìtì kọrin ni màá fi bẹ̀rẹ̀, Dzikkuh ni màá fi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwo tó bá kàn lọ́jà Ìkẹ́rẹ́. Olórin tó bá fẹ́ bá mi jà, kó mú àwo tirẹ̀ dání wá.