Àwọn tó jà nítorí ọ̀kẹ́ mẹ́fà

Ẹ wá ibi jókòó sí, tírẹ́ẹ̀dì yìí á gùn díẹ̀. Òjò àná ló fà á.

Gbági ni ìyá mi ti ń ta aṣọ. Tí ojú ọjọ́ bá ti ṣú báyìí, ọjà títà parí nìyẹn. Gbogbo wa á máa gbé ìdì àǹkárá kúrò nílẹ̀ sórí pẹpẹ, torí Ògùnpa ò jìnnà sí wa. Àwọn àgbà ọjà ò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni Ògùnpa gbé lọ. Oṣù kẹjọ kan náà, ọjọ́ 26, ọdún 2011, omi tún pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn.

Lánàá, bí a ṣe ń gbé aṣọ, àbúrò mi ń wo The Hunger Games lórí fóònù. Ó ń pariwo, "Ẹ má gbà fún wọn o!" Mo bi í pé ṣé ó mọ Àgbẹ̀kọ̀yà. Ó ní, "Ṣé àwọn olóògùn ayé ijọ́un yẹn? Àwọn tí ọta ìbọn kì í wọ ara wọn?"

Ohun tó mọ̀ nípa wọn ò ju ìyẹn lọ. Ó dùn mí gan-an. A mọ ìjọba burúkú inú fíìmù dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Mápó, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ìsọ̀ wa, oògùn nìkan la rántí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní kúkúrú. Lọ́dún 1968, owó tí àgbẹ̀ ń rí lórí kòkó ò tó nǹkan, owó orí sì ń ni wọ́n lára. Àwọn agbowó-orí ń wọ abúlé, wọ́n ń lé bàbá ọlọ́mọ wọgbó. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, àwọn àgbẹ̀ wọ́ lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó. Ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn máa san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, kò sì ní lé kọ́bọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Táfà Adéoyè àtàwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ó ṣì fi ṣílè mẹ́wàá ju ohun tí wọ́n bèèrè lọ, àmọ́ ó wálẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló dáa. Nínú rògbòdìyàn owó orí yẹn ni wọ́n ti pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ogun Biafra ń lọ lọ́wọ́, mo sì rò pé ìjọba ò fẹ́ ojú ogun kejì.

Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Lọ́dún 1381, owó orí ló mú kí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ọba wọn, Richard, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fún wọn ní ìwé pé wọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀pọ̀ gba ìwé, wọ́n forí lé ilé. Ni wọ́n bá pa Wat Tyler, olórí wọn, lójú ọba, ọba sì fagi lé ìwé náà nígbà tó yá. Ìdí nìyí tí ara mi fi ń bù máṣọ tí wọ́n bá ní "a ti gbọ́ yín, ẹ máa lọ sílé".

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn ọjọ́ iwájú, ẹ ka Rosewater tí Tade Thompson kọ. Lọ́dọọdún ni ohun àjèjì kan tó ti òfuurufú wá ń wo àwọn aláìsàn sàn lọ́fẹ̀ẹ́, èèyàn ń rọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìwòsàn yẹn gan-an ló ń sọ ara wọn di nǹkan míì. Nígbà tí mo kà á, ìrẹsì àti matírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pín lẹ́yìn omíyalé ló wá sí mi lọ́kàn. Àwa náà máa ń tò, a máa ń ya fọ́tò.

Ẹ tún wo kòkó. Òfin tí àwọn ará Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọdún 2020 ò ní wọ ọjà wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ojú ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà. Wọ́n ti sún un síwájú, àmọ́ ó ń bọ̀. Èmi náà fẹ́ kí igbó wà o. Ṣùgbọ́n ta ló máa sanwó wíwọn oko bàbá àgbàlagbà kan l'Ákánrán? Àwọn agbowó-orí ìjọ́sí fẹsẹ̀ wọ abúlé. Àwọn ti ìsinsìnyí ń wo oko láti ojú sánmọ̀.

Tiwa ní Gbági ńkọ́? "Àyípadà ojú-ọjọ́" la máa ń pariwo, gbogbo aláṣẹ sì ń bá wa pariwo ẹ̀. Ìgbà mélòó lọ́dún ni kí wọ́n máa kó ẹrẹ̀ inú Ògùnpa? Ta ló máa kó o, èló sì ni? Tí wọ́n bá wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé ẹnì kan létí odò, ibo ni onítọ̀hún máa sùn lọ́jọ́ kejì? Ọ̀kẹ́ mẹ́fà tiwa dà?

Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ sì fi iye sí i. Àbúrò mi ti dá fíìmù dúró, ó ní kí n pe orúkọ Táfà Adéoyè fóun létí létí kóun wá a. Mo ń bọ̀, ojú ọjọ́ tún ti ń ṣú, ìdì mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀.